Bí Ẹ̀sùn Kò Bá Yéni: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Kí A Tó Pe Dáírẹ́kítọ̀ Lẹ́jọ́



Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń da owó pọ̀ láti fi dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Àwọn kan fi ra ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn kan fi ń kó ọjà wọlé, àwọn mìíràn fi kọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Nígbà tí nǹkan bá ń dùn, gbogbo wa la jọ ń jẹ ẹ́. Àmọ́ bí owó bá pòórá, tí a sì gbọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn dáírẹ́kítọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ pariwo ni pé, "Ẹ gbé e lọ sí kóòtù!"

A ò ní kí ẹ má lọ sí kóòtù o. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹjọ́ tó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé lè fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ bí ìwé tí a fi pè é kò bá yéni. Ẹni tí a pè lẹ́jọ́ ní ẹ̀tọ́ láti dìde kó sọ pé, "Olúwa mi, ohun tí wọ́n fi kàn mí kò yé mi." Bí adájọ́ bá rí i pé lóòótọ́ ni, ọ̀rọ̀ lè yíwọ́. Ó yẹ kí àwa tó ń pe ẹjọ́ mọ èyí, ó sì yẹ kí àwa tó jẹ́ dáírẹ́kítọ̀ náà mọ̀ ọ́n, torí a ò mọ ẹni tí yóò kàn lọ́la.

KÍ NI IṢẸ́ DÁÍRẸ́KÍTỌ̀?

Gbogbo wa la mọ alájọ. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Bó bá fi owó àjọ ra ewúrẹ́, tí ewúrẹ́ sì bí ìbejì, kò lè sọ fún wa pé, "Ẹ gba owó yín, èmi ni mo ni ọmọ ewúrẹ́." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni dáírẹ́kítọ̀ rí lójú òfin.

Òfin kọ́ńpìnnì ilẹ̀ wa tí wọ́n ń pè ní CAMA, èyí tí ìjọba ṣe ní 1990, tí wọ́n sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀ ní 2020, sọ ọ́ ní abala 305 pé ẹni tí a fọkàn tán ni dáírẹ́kítọ̀ jẹ́ sí kọ́ńpìnnì. Ó gbọ́dọ̀ fi òótọ́ inú ṣe gbogbo ohun tó bá ń bá kọ́ńpìnnì ṣe, àti èyí tó bá ń ṣe lórúkọ kọ́ńpìnnì. Abala 306 ní kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ire ti ara rẹ̀ forí gbárí pẹ̀lú iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ fi ohun ìní kọ́ńpìnnì jèrè ní ìkọ̀kọ̀. Abala 303 ní bó bá lọ́wọ́ nínú àdéhùn tí kọ́ńpìnnì fẹ́ ṣe, kó sọ ọ́ síta fún àwọn dáírẹ́kítọ̀ yòókù níbi ìpàdé. Abala 308 sì ní kó fi ọgbọ́n àti ìṣọ́ra ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa, àwọn ojúṣe yìí kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó ta ọjà ara rẹ̀ fún kọ́ńpìnnì láìsọ, ẹni tó gba èrè tó yẹ kó jẹ́ ti kọ́ńpìnnì, àti ẹni tó kàn ń sùn tí olè fi kó ilé ìkẹ́rùsí, ẹ̀ṣẹ̀ kálukú yàtọ̀. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò kan ṣoṣo, tí a sì rò ó pọ̀ bí ọ̀gbọ̀, adájọ́ kò ní mọ èyí tó fẹ́ mú.

TA NI WỌ́N ṢẸ̀?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ́kọ́ kọsẹ̀. Bí dáírẹ́kítọ̀ bá jẹ owó, àwa la sunkún, àmọ́ lójú òfin, kọ́ńpìnnì ni wọ́n ṣẹ̀. Òfin gan-an sọ pé kọ́ńpìnnì ló lè fi ojúṣe yìí mú dáírẹ́kítọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní ọdún 1843, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Foss àti ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n ní ṣíà nínú kọ́ńpìnnì Victoria Park ní ìlú Manchester pe àwọn dáírẹ́kítọ̀ lẹ́jọ́. Wọ́n ní àwọn dáírẹ́kítọ̀ ta ilẹ̀ ara wọn fún kọ́ńpìnnì ní owó gọbọi. Kóòtù ní bó bá jẹ́ pé ìyà jẹ kọ́ńpìnnì, kọ́ńpìnnì ni kó wá pe ẹjọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ Foss àti Harbottle nìyẹn, gbogbo lọ́yà ló mọ̀ ọ́n. Ìlànà yẹn wà nínú òfin tiwa náà, ní abala 341.

Ṣé ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí àwọn tó ṣẹ̀ bá jẹ́ àwọn tó ń darí kọ́ńpìnnì, ó parí nìyẹn? Rárá o. Abala 346 fún ọmọ kọ́ńpìnnì láàyè láti gba àṣẹ lọ́wọ́ kóòtù kó lè pe ẹjọ́ náà lórúkọ kọ́ńpìnnì. Àmọ́ kó tó gba àṣẹ, ó gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ kọ ìwé fún àwọn dáírẹ́kítọ̀ pé òun ń bọ̀. Òfin 2020 sì fi kún un pé ìwé yẹn gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kó sì sọ ìpalára tó ti ṣe fún kọ́ńpìnnì tàbí èyí tó lè ṣe. Ẹ rí i pé òfin ti ń béèrè àlàyé kedere lọ́wọ́ wa kí a tó débi pe ẹjọ́.

Ìwé ẹ̀sùn wa gbọ́dọ̀ fi hàn bóyá kọ́ńpìnnì ló ń béèrè tàbí àwa fúnra wa, torí pé ìyà kan wà tó jẹ́ tiwa gan-an. Bí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ wa láti dìbò dù wá, bí àpẹẹrẹ, ìyẹn kì í ṣe ti kọ́ńpìnnì. Bí a bá da méjèèjì pọ̀ láìyà wọ́n sọ́tọ̀, ohun tí lọ́yà olùjẹ́jọ́ yóò kọ́kọ́ gbá mú nìyẹn.

KÍ NI ÌWÉ Ẹ̀SÙN WÀ FÚN?

Àwọn bàbá wa sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Abala 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 náà sọ pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu oníkálukú. Àmọ́ báwo ni èèyàn yóò ṣe fèsì sí ohun tí kò yé e? Bí mo bá dúró níwájú ìsọ̀ yín tí mo ń pariwo pé, "Olè ni yín!" ohun tí ẹ máa bi mí ni pé, "Kí la jí? Nígbà wo? Ti ta ni?" Ìdí tí ìwé ẹ̀sùn fi wà nìyẹn. Ó wà kí ẹni tí a pè lè mọ ohun tó fẹ́ jà fún, kí adájọ́ sì mọ ohun tó fẹ́ dá ẹjọ́ lé lórí.

Ní kóòtù wa, ẹ̀rí tí a bá mú wá lórí ohun tí kò sí nínú ìwé ẹ̀sùn, òfo ni. Ẹlẹ́rìí wa lè jókòó kó sọ̀rọ̀ tó dùn bí oyin. Bí a kò bá ti kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀sùn tẹ́lẹ̀, adájọ́ kò ní lò ó. Lónìí pàápàá, tó jẹ́ pé a máa ń so ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí àti ẹ̀dà ìwé mọ́ ẹ̀sùn láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò lè tún ìwé ẹ̀sùn tó ṣófo ṣe.

BÁWO NI DÁÍRẸ́KÍTỌ̀ ṢE LÈ TA KO Ẹ̀SÙN TÍ KÒ YÉNI?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀.

Èkíní, ó lè béèrè àlàyé sí i. Lọ́yà rẹ̀ yóò kọ̀wé pé, "Ẹ ní ó gba èrè ìkọ̀kọ̀. Èrè wo? Lọ́wọ́ ta? Ní ọjọ́ wo? Èló ni?" Bí a kò bá dáhùn, adájọ́ lè pàṣẹ pé kí a dáhùn. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọgbọ́n jìbìtì, ẹ̀tọ́ ni. Àmọ́ kò gbọdọ̀ fi wá ìdí ẹ̀rí wa, bíi kó ní kí a kó gbogbo ohun tí a ó fi mú un wá tẹ́ síwájú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni à ń kọ sínú ẹ̀sùn. Bí a óò ṣe fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Èkejì, ó lè ní kí adájọ́ fa igi lé apá tí kò nítumọ̀, tàbí èyí tó jẹ́ èébú lásán, tàbí èyí tí yóò kàn da ẹjọ́ rú.

Ẹ̀kẹta ló le jù: ó lè ní kí wọ́n gbá gbogbo ẹjọ́ náà dànù, pé bó bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́ ni gbogbo ohun tí a kọ, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀ lójú òfin. Nígbà mìíràn a lè tún ẹjọ́ tí wọ́n gbá dànù bẹ́ẹ̀ pè. Àmọ́ owó lọ́yà ti lọ, àkókò ti lọ, ẹni tí à ń lé sì ti lè ta ilé kó tó di pé a padà dé.

Ǹjẹ́ a ní èsì? A ní. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ọwọ́ dáírẹ́kítọ̀ gan-an ni gbogbo ìwé wà. Òun ló mọ iye tó wọlé, òun ló mọ iye tó jáde. Nínú àṣà kóòtù tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bó bá jẹ́ ẹni tí a fọkàn tán ni à ń pè lẹ́jọ́, tí ìmọ̀ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, adájọ́ lè ní kó kọ́kọ́ kó ìwé sílẹ̀ kí a tó fún un ní àlàyé kíkún. Àmọ́ kò ní jẹ́ kí a wá lọ́wọ́ òfìfo. A gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a mọ̀, ká sì sọ ìdí tí a kò fi lè mọ ìyókù.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI ARA ẸJỌ́ SINIMÁ

Ẹjọ́ kan wà tí a fẹ́ràn láti fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, ẹjọ́ kọ́ńpìnnì Regal ní ìlú Hastings, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Regal ní ilé sinimá kan, ó sì fẹ́ gba méjì sí i. Wọ́n dá kọ́ńpìnnì kékeré kan sílẹ̀ fún un, tí yóò ní ṣíà 5,000, pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Regal fúnra rẹ̀ lè san 2,000 péré. Àwọn dáírẹ́kítọ̀ mẹ́rin ra 500, 500. Lọ́yà kọ́ńpìnnì ra 500. Alága, ìyẹn Gulliver, wá àwọn mìíràn tí wọ́n ra 500 tó kù. Láìpẹ́, ní 1935, wọ́n ta gbogbo ṣíà náà, èrè orí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lé ní pọ́n-ùn 2 àti ṣílè 16.

Àwọn tó ra Regal wá pe ẹjọ́ lórúkọ rẹ̀ pé kí wọ́n dá èrè náà padà. Adájọ́ àkọ́kọ́ kò rí ìwà ibi kankan lọ́wọ́ wọn, ẹjọ́ náà sì fọ́. Ó fọ́ ní kóòtù kejì pẹ̀lú. Àfi ní 1942, nígbà tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀, ni wọ́n tó dá Regal láre. Àwọn adájọ́ ní kò di dandan kó jẹ́ pé wọ́n jalè. Ohun tí wọ́n wò ni pé ipò dáírẹ́kítọ̀ ni wọ́n fi rí èrè yẹn, ìpàdé àwọn onípìn-ín kò sì fún wọn láṣẹ. Nítorí náà, ti kọ́ńpìnnì ni èrè.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ọ̀tọ̀ ni jìbìtì, ọ̀tọ̀ ni èrè tí kò tọ́. Bó bá jẹ́ orí jìbìtì nìkan ni ẹjọ́ Regal dúró lé, kò sí bí yóò ṣe dìde mọ́. Èkejì ni pé àwọn dáírẹ́kítọ̀ mẹ́rin nìkan ló san owó. Alága kò san, torí kò ra ti ara rẹ̀, kò sì jẹ èrè kankan. Lọ́yà náà kò san, torí àwọn dáírẹ́kítọ̀ mọ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i kó tó ra. Èèyàn mẹ́fà, ọ̀nà mẹ́ta! Ẹni tó bá kàn kọ "àwọn olùjẹ́jọ́" lásán sínú ìwé ẹ̀sùn kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN Ọ̀RỌ̀ "JÌBÌTÌ"

Inú máa ń bí wa, ẹnu wa sì máa ń yá láti pe èèyàn ní olè. Nínú ìwé ẹ̀sùn, ọ̀rọ̀ yẹn wúwo. Ẹni tó bá kọ jìbìtì tàbí ìlòkulò ohun ìfọkàntán sílẹ̀ gbọ́dọ̀ to gbogbo àlàyé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin ẹ̀rí ti 2011, abala 135, sọ pé bí a bá fi ìwà ọ̀daràn kan ẹnikẹ́ni, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹjọ́ owó lásán, a gbọ́dọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ débi pé kò ní sí iyèméjì tó nítumọ̀. Ẹrù ńlá nìyẹn. Ẹjọ́ èrè tí kò tọ́ kò béèrè tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bó bá jẹ́ èrè la lè fi hàn, ẹ jẹ́ ká fi ẹnu wa mọ sí èrè. Bí jìbìtì bá sì wà lóòótọ́, kí lọ́yà yà á sọ́tọ̀, kí ẹ̀sùn kejì má bàa bá a rì.

Ẹ WO ÌWÉ MÉJÌ YÌÍ

Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpèjúwe. Ká ní àwọn aláṣọ kan dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, wọ́n sì ń bá onílé kan sọ̀rọ̀ láti ra ṣọ́ọ̀bù fún kọ́ńpìnnì. Dáírẹ́kítọ̀ kan yọ́ lọ rà á fún ara rẹ̀.

Ìwé kìíní kà báyìí: "Àwọn olùjẹ́jọ́ ti da kọ́ńpìnnì, wọ́n ti hùwà àìṣòótọ́ ní onírúurú ọ̀nà láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ti jẹ owó àwọn ìyá aláìní."

Ìwé kejì kà báyìí: "Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta, 2022, ìpàdé àwọn dáírẹ́kítọ̀ fẹnu kò pé kí kọ́ńpìnnì ra ṣọ́ọ̀bù náà. Olùjẹ́jọ́ kìíní wà níbẹ̀, òun ni wọ́n sì rán sí onílé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kan náà, ó rà á lórúkọ ara rẹ̀ ní ₦6,000,000. Kò sọ fún ìpàdé dáírẹ́kítọ̀, kò sì gba àṣẹ ìpàdé àwọn onípìn-ín. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó tà á ní ₦9,500,000. Olùjẹ́jọ́ kejì, tó jẹ́ dáírẹ́kítọ̀, mọ̀ nípa rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kọ́ńpìnnì ń béèrè èrè ₦3,500,000 lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́ kìíní."

Ìwé kìíní dùn ún kà níbi ìpàdé, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ní kóòtù, bébà lásán ni. Ìwé kejì kò bú ẹnikẹ́ni, kò sunkún, àmọ́ kò sí ibi tí olùjẹ́jọ́ máa gbà sọ pé kò yé òun. Ó sọ ẹni tó ṣe é, ohun tó ṣe, ọjọ́ tó ṣe é, ojúṣe tó rú, iye tó jẹ níbẹ̀, àti ohun tí à ń béèrè.

OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢE

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ pe ẹjọ́, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, ẹ jókòó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, ọjọ́ lẹ́yìn ọjọ́. Ẹ kó risíìtì àti ìwé báńkì tó wà lọ́wọ́ yín jọ. Ọmọ kọ́ńpìnnì ní ẹ̀tọ́ láti wo àkọsílẹ̀ ìpàdé gbogboogbò àti láti gba ìwé ìṣirò owó ọdọọdún. Bí ẹ bá fura pé kọ́ńpìnnì mìíràn tí dáírẹ́kítọ̀ ń bá ra ọjà jẹ́ tirẹ̀, ẹ lè san owó ní àjọ CAC kí ẹ yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ẹ bi lọ́yà yín pé, "Kọ́ńpìnnì ló ń pe ẹjọ́ yìí àbí àwa?" Ẹ ní kó ka ìwé ẹ̀sùn fún yín ní Yorùbá kó tó gbé e lọ. Bí kò bá yé ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ó lè má yé adájọ́ náà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ sì ni ẹjọ́ tó bá jẹ yọ láti inú òfin kọ́ńpìnnì ń lọ, kì í ṣe kóòtù ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin dáírẹ́kítọ̀ inú wa, bí wọ́n bá gbé ìwé ẹ̀sùn wá bá yín, ẹ má ṣe jù ú sílẹ̀ pé kò nítumọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti fèsì ń lọ. Ẹ tètè gbé e fún lọ́yà kó béèrè ohun tí kò yé yín. Àmọ́ ẹ má fi ìbéèrè àlàyé ṣe ọgbọ́n àtifi ẹjọ́ falẹ̀ o, adájọ́ mọ èyí yàtọ̀. Ààbò tó dára jù fún yín ni pé kí ẹ máa sọ̀rọ̀ síta níbi ìpàdé, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó dá lọ́yà Regal sí nìyẹn: ó tọrọ àyè kó tó ra.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní òfin tirẹ̀, ẹgbẹ́ ọjà tí kì í ṣe kọ́ńpìnnì náà ní ọ̀nà tirẹ̀, nítorí náà abala tí a kà sílẹ̀ yìí lè má kan gbogbo yín. Ẹ bi lọ́yà. Àmọ́ níbikíbi tí a bá ti ní ká fẹ̀sùn kan ẹni tí a fi owó ṣọ́, ẹni tó bá lè sọ ọjọ́, iye àti orúkọ ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀.

Ọjà á tà o. Ajé á wọgbá, owó wa kò sì ní di owó ẹjọ́. Àṣẹ.